Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra bàálù: àwọn àṣìṣe tí ó ń jẹ owó yín

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gbẹ́ni kan tí ó fẹ́ dá iléeṣẹ́ bàálù sílẹ̀ wá bá mi ní Ìkẹjà. Kò tíì jókòó tán tí ó fi ní, "Ẹnjiníà, ọkọ̀ ọdún 1967 ni Boeing ṣì ń tà fún wa. Kí ló dé tí wọn ò kúkú ṣe tuntun?" Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Bí ẹ bá ti rò ó báyẹn, owó yín ti ń jò.

Àṣìṣe kìíní: fífi orúkọ mọ ọjọ́ orí. Boeing 737 tó kọ́kọ́ fò ní 1967 àti 737 MAX tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2017, orúkọ ìdílé ni wọ́n jọ ń jẹ́. Èmi alára ti jìn sí kòtò yìí rí. Owó ara mi ni mo fi kọ́ ẹ̀kọ́ 737-300, mo ní 737 ni 737 ń jẹ́. Kí n tó gba ìwé ẹ̀rí, iléeṣẹ́ tí mo fojú sí ti ta gbogbo tiwọn. Ìwé náà wà nínú férémù ní pálọ̀ mi. Ìyàwó mi ní kò sí àwòrán tó wọ́n tó o nínú ilé wa.

Ìkejì: ríronú pé ọkọ̀ tuntun kì í ṣàìsàn. Tuntun pátápátá ni 787 ti Boeing. Ọdún 2008 ló yẹ kó gbé èrò, ó di oṣù Kẹwàá 2011. Ní oṣù Kìíní 2013, bátìrì rẹ̀ mú kí wọ́n dá gbogbo rẹ̀ dúró nílẹ̀ káàkiri ayé. Bombardier ní Kánádà náà ṣe tuntun, C Series. Ọkọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n gbèsè fẹ́rẹ̀ẹ́ rì wọ́n, Airbus, orogún Boeing ní Yúróòpù, sì gba ọ̀pọ̀ ìpín rẹ̀ ní 2018, ó sọ ọ́ ní A220. Ẹni tó bímọ kọ́ ló sọ ọ́ lórúkọ mọ́.

Ìkẹta: má ra tòkunbọ̀ nítorí pé ọ̀dà rẹ̀ ń dán.

Ìkẹrin rèé, òun ló ń bí mi nínú jù: ríronú pé pípààrọ̀ ẹ́ńjìnnì bàálù dà bíi pípààrọ̀ táyà dánfó.

Ẹ wo 737. Nígbà tí wọ́n ń ṣe é, ọ̀pọ̀ pápákọ̀ kékeré ni kò ní àkàbà. Ni wọ́n bá ṣe é ní kúkúrú lẹ́sẹ̀, kí èrò lè fi àtẹ̀gùn inú ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀, kí aláàárù sì lè dúró nílẹ̀ kó ẹrù sí i níkùn. Ọgbọ́n gidi ni, torí ẹ́ńjìnnì ayé ìgbà yẹn rí tẹ́ẹ́rẹ́ bíi páìpù. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tí kì í mu epo púpọ̀, abẹ̀bẹ̀ ńlá ló fi ń gbá afẹ́fẹ́ sẹ́yìn. Abẹ́ apá wo ni ẹ fẹ́ fi í sí? Nígbà tí 737-300 dé ní 1984, ṣe ni wọ́n tẹ ìsàlẹ̀ èèpo ẹ́ńjìnnì rẹ̀ pẹlẹbẹ kó má baà ha ilẹ̀. Bí ẹ bá dúró níwájú rẹ̀, ẹ ó rí i pé kò rí róbótó.

Airbus ní tirẹ̀ fi ẹ́ńjìnnì tuntun sí A320, ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1988 tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gùn. Abẹ̀bẹ̀ ínṣì 78 wọ abẹ́ apá rẹ̀ wọ́ọ́rọ́, wọ́n sì pè é ní A320neo. Ní oṣù Keje 2011, American Airlines fẹ́ ra bàálù 260 lọ́wọ́ Airbus. Boeing tó ti ń gbèrò àtiṣe ọkọ̀ tuntun yí ohùn padà kíá: ẹ́ńjìnnì tuntun ni àwọn yóò fi sí 737, òun ni MAX. Ínṣì 69 péré ni ẹsẹ̀ kúkúrú yẹn gbà, síbẹ̀ wọ́n ní láti fa ẹsẹ̀ iwájú gùn, kí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì síwájú, kí wọ́n sì gbé e ga. Ibi tuntun tí ẹ́ńjìnnì wà yìí wá ń mú kí imú ọkọ̀ fẹ́ gbé sókè nígbà mìíràn. Wọ́n kọ ètò kọ̀ǹpútà kan, MCAS, tí yóò máa tẹ imú náà wálẹ̀. Ojú méjì ni ọkọ̀ náà fi ń wo igun tí afẹ́fẹ́ gbà ń kọlu apá. Ẹyọ kan ni MCAS ń gbọ́ tirẹ̀. Ènìyàn 189 kú nígbà tí MAX ti Lion Air já ní Indonéṣíà ní oṣù Kẹwàá 2018. Nígbà tó di oṣù Kẹta 2019, 157 tún lọ nínú ti Ethiopian Airlines tó já, Ọ̀jọ̀gbọ́n Pius Adesanmi ọmọ Ìsánlú wà lára wọn.

Mi ò tíì sọ tán. Boeing ti ṣèlérí fún Southwest, iléeṣẹ́ bàálù Amẹ́ríkà kan, pé tí awakọ̀ bá ní láti wọ simulator, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kọ́ wíwa bàálù lórí ilẹ̀, kí ó tó wa MAX, àwọn yóò dín mílíọ̀nù kan dọ́là lórí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin oníbàárà lẹ fẹ́ ọkọ̀ tuntun tí awakọ̀ àná yóò wà láì kọ́ nǹkan kan. Ẹ wá ń bi mí pé kí ló dé tí wọn ò ṣe tuntun!

Ìkarùn-ún, àbí ìkẹfà ni, mi ò kà á mọ́: ẹ má rò pé àtúnṣe máa ń tètè parí. 777X tí Boeing kéde ní 2013, àtúnṣe 777 ni, 2020 ló yẹ kó dé. Ní oṣù Kẹwàá 2025 wọ́n tún sún un sí 2027.

Ẹ béèrè ẹni tí yóò yá yín ní ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó sanwó. Lọ́dún 2023, àbùkù irin inú ẹ́ńjìnnì Pratt & Whitney bẹ̀rẹ̀ sí í so A320neo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde mọ́lẹ̀.

Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún ọ̀gbẹ́ni yẹn títí ẹnu fi ro mí. Ó ń mi orí. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó fóònù mi: òun ti san àsansílẹ̀ lórí 737-300 méjì, ṣé mo lè wá máa tọ́jú wọn? Mo ti sọ fún ìyàwó mi pé kó yọ ìwé yẹn nínú férémù.