Kì í Ṣe Gbogbo Ikọ́ Tó Ń Pẹ́ Ni Ikọ́ Ife: Àṣìṣe Táwa Èèyàn Ń Ṣe Lórí Sarcoidosis

Bí ìyá kan tó ń mọ ìkòkò ní agbolé Dàda, ní Òkèlele nílùú Ìlọrin, bá wúkọ́ fún oṣù mẹ́ta, èéfín ni wọ́n á kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Bó bá wá ń rù, ohùn á rẹlẹ̀: "Ikọ́ ife ni o." Wọ́n á ya kọ́ọ̀pù rẹ̀ sọ́tọ̀.

Ìfura yẹn ò burú. Ikọ́ ife ló wọ́pọ̀ níbí. Ohun tó burú ni kí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò, kí wọ́n má rí kòkòrò rẹ̀, kí ìyá sì jókòó sílé. Àìsàn kan wà tó ń jẹ́ sarcoidosis, ó máa ń fara jọ ikọ́ ife gan-an. Àwọn ọmọ ogun ara ló ń ṣùjọ di kókó wẹ́wẹ́. Nínú èèyàn 10 tó ní in, nǹkan bí 9 ló ń mú ní ẹ̀dọ̀fóró. Kì í ràn, kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ. Ẹ dá kọ́ọ̀pù ìyá padà.

Má gbára lé fọ́tò àyà nìkan, torí àwòrán méjèèjì lè jọra. Lọ́pọ̀ ìgbà, dókítà á ní láti gé ẹran bíńtín lára ibi tó ń ṣe èèyàn fún àyẹ̀wò. Ẹ má sá fún un.

Oògùn tó ń jẹ́ prednisolone gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Òun ni wọ́n sábà máa ń fi tọ́jú sarcoidosis, òun kan náà làwọn kan ń rà ní kẹ́mísí kí wọ́n lè sanra! Bó bá jẹ́ ikọ́ ife ló wà lára, ńṣe ló máa sọ agbára ara di ọ̀lẹ, kòkòrò á sì gbilẹ̀. Bí dókítà bá sì kọ ọ́ fún ọ, má dá a dúró lójijì nítorí pé ara ti yá. Ara tó ti gbára lé e lè dákú lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín in kù. Ẹ máa yẹ ṣúgà àti ìfúnpá wò pẹ̀lú, ó ń gbé méjèèjì sókè.

Fítámì D àti kálísíọ́ọ̀mù ńkọ́? Má dá a lò láìṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Àìsàn yìí lè mú kí kálísíọ́ọ̀mù pọ̀ jù, kíndìnrín ló sì máa jìyà rẹ̀.

Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, ó ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọdún 2 sí 3. (Àgbo tí wọ́n mu lásìkò yẹn ló máa ń gba ìyìn.) Síbẹ̀, gbàrà tí wọ́n bá ti sọ pé sarcoidosis ni, lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, kódà bí o bá ń ríran kedere, torí ó lè mú ojú náà.