Eérú tí òjò ti pa

Náírà 64,000 ni mo dà sínú gọ́tà láàárọ̀ ọjọ́ kan ní Òṣogbo, ó ṣì ń dùn mí wọ akínyẹmí ara. Mo mọ iṣẹ́ aró mi. Eérú ni wọ́n fi rẹ́ mi jẹ.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ka owó olówó nínú báǹkì. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ló wà lọ́kàn mi láti kékeré, èyí tí wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ẹ̀kọ sí lára, tí wọ́n ń fi ewé èlú rẹ, kì í ṣe ti kẹ́míkà. Nígbà tí mo kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, bàbá mi ní, "Iṣẹ́ obìnrin? Torí kí o lè máa tọwọ́ bọ aró ni mo ṣe ta ilẹ̀ rán ọ lọ sí yunifásítì?" Mi ò fèsì. Mo lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ màmá aláró kan. Gígún èlú, pípo ẹ̀kọ, kíkọ aṣọ, gbogbo ìyẹn lọ geerege.

Ìkòkò tí mo kọ́kọ́ dá rẹ ló kó mi sí wàhálà. Oṣù Keje ni, òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, eérú tí a ń ro omi rẹ̀ fi rẹ èlú wá wọ́n. Oníṣòwò kan gbé àpò mẹ́rin wá, ó búra pé ti igi àti èèpo kòkó ni. Ó gbẹ, ó kúnná, mo sanwó. Mo dà á sínú ajere, ìkòkò tó nihò nídìí, mo bu omi lé e, ó ń ro tó, tó, tó sínú ìkòkò ìsàlẹ̀. Mo fọ́ èlú sí i, mo dé e.

Ó yẹ kó ti máa hó lọ́jọ́ kẹta, kí hòó rẹ̀ pọ́n bí àlùkò. Kò hó. Mo pe oníṣòwò, ó ní èlú mi ló kéré. Mo tún ra èlú kún un. Àṣìṣe ńlá nìyẹn, ibẹ̀ lowó mi wọlẹ̀ sí jù. Lọ́jọ́ keje, mo ki aṣọ ọ̀pá márùn-ún bọ̀ ọ́. Àwọ̀ omi ìfọṣọ ló gbé jáde, bí mo sì ṣe ṣan án, gbogbo rẹ̀ bómi lọ. Ìkòkò ń rùn bí ewé tó jẹrà. Ọjọ́ yẹn gan-an ni bàbá mi yà wá. Wọ́n fi fìlà bo imú lẹ́nu géètì, wọ́n ní, "Báǹkì ṣì lè gbà ọ́ padà." Mo sunkún lálẹ́ ọjọ́ náà.

Màmá aláró dé, wọn ò tiẹ̀ wo ìkòkò. Omi tó ń ro lábẹ́ ajere ni wọ́n fìka tọ́ wò, wọ́n sì tutọ́. "Ọkọ mi, tọ́ ọ wò." Kò yàtọ̀ sí omi kànga. "Òjò ti pa eérú yìí. Wọ́n tún un sá gbẹ ni. Agbára rẹ̀ ti bá àgbàrá lọ." Omi eérú tó dáa máa ń ta ahọ́n, ó sì máa ń yọ̀ láàárín ìka bí ọṣẹ. Wọ́n wá rán mi létí pé Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ ké nítorí ìkòkò aró tí wọ́n fọ́ ní ìlú yìí, kí n rẹ òmíràn.

Ìdí ààrò ìyá alámàlà kan ni mo ti kó eérú kejì, tòun ti ìgbóná rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, ó hó! Aṣọ jáde ní àwọ̀ ewé tútù bí ewédú, bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ sí i lórí okùn ló ń di aró lójú mi. Mo pariwo débi pé àwọn ará ilé jáde.

Bàbá mi ṣì ń sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé báǹkì ni mo wà. Ìyẹn ń bí mi nínú, nítorí aṣọ tí mo rẹ ni wọ́n ń wọ̀ lọ.

Ẹ kó eérú yín pamọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, sábẹ́ òrùlé tí kì í jò. Àpò mẹ́sàn-án ló wà nílé mi báyìí. Oníṣòwò yẹn pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé eérú tuntun dé. Mo ní kó gbé ife omi kan dání wá, a ó jọ tọ́ ọ wò kí n tó fọwọ́ kan owó.