Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lára àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ fi máṣíìnì rìn jìnnà: ẹ jọ̀ọ́, ẹ náwó yín síbi tó yẹ

Ọmọkùnrin kan wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, máṣíìnì tuntun ló gùn wá, ó ń dán gbinrin. Àpótí alumíníọ̀mù mẹ́ta ló so mọ́ ọn, iná iwájú mẹ́rin, irin tó yí ẹ́ńjìnnì ká, ibi tí wọ́n ń gbé fóònù lé, gbogbo ẹ̀ ló pé. Ó ní "ẹ̀gbọ́n, ìrìn-àjò ọlọ́jọ́ mẹ́wàá ni mo fẹ́ lọ, ẹ bá mi wò ó bóyá nǹkan kan kù." Kó tó sọ̀rọ̀ tán ló ti ń bọ́ hẹ́límẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ọwọ́ kan ló fi bọ́ ọ, kò tú okùn abẹ́ àgbọ̀n rárá, ó kàn ṣí i kúrò lórí bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò. Mi ò wo máṣíìnì yẹn mọ́. Mo ní "àbúrò, nínú iná mẹ́rin yìí àti nǹkan tó o dé sórí, èwo ló gbówó lọ́wọ́ ẹ jù?" Ó dákẹ́.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi máṣíìnì rin ọ̀nà jíjìn, mo sì ti rí irú èyí tó pọ̀ débi pé ó ń ká mi lára. Kì í ṣe pé àwọn èèyàn yìí ò lówó o. Wọ́n ní in, wọ́n sì ń ná an, ṣùgbọ́n ara máṣíìnì ni gbogbo ẹ̀ ń bá lọ, èyí tó bá ṣẹ́ kù ni wọ́n fi ń ra nǹkan tí wọ́n máa wọ̀ sára. Irin ló ń jẹun yó, ẹran ara ń jẹ àṣẹ́kù. Torí ẹ̀ ni mo ṣe jókòó kọ eléyìí. Mi ò ní kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì, mo gbà pé ẹ ti mọ ìyẹn.

Èkíní, máṣíìnì tó ju agbára ẹni lọ. BMW R 1250 GS Adventure tí gbogbo èèyàn ń lé kiri yẹn, kílò 268 ni pẹ̀lú epo nínú ẹ̀, ẹ ò tíì gbé ẹrù kankan lé e o. Máṣíìnì gidi ni, mi ò bú u, àmọ́ tó bá dùbúlẹ̀ sórí yẹ̀pẹ̀ rírọ̀ níbi tí kò sí ẹnì kankan, ta ló fẹ́ bá yín gbé e? Honda CRF300L ò ju kílò 142 lọ. Ted Simon tó fi máṣíìnì yí ayé ká láti 1973 sí 1977, Triumph 500cc ló gùn. Elspeth Beard tóun náà gbéra ní 1982, BMW 600cc àlòkù ló gùn lọ gùn bọ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gùn ún kí ẹ wò ó bóyá ẹsẹ̀ yín kanlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti rà á, ẹ rọra tẹ́ ẹ sórí koríko kí ẹ dá gbé e dìde lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tí kò bá lè gbé e nílẹ̀ nílé kò ní lè gbé e nínú ẹrẹ̀ lẹ́yìn tó ti gun máṣíìnì láti àárọ̀.

Èkejì ni hẹ́límẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ kí n jókòó ti eléyìí dáadáa.

Èèyàn mẹ́fà nínú mẹ́wàá tí mo bá pàdé lójú ọ̀nà, hẹ́límẹ́ẹ̀tì wọn tóbi jù fún wọn, mi ò ṣe ìwádìí kankan o, ojú mi ni mo fi ń rí i. Ohun tó sì fà á ni pé inú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á dé e wò fún ìṣẹ́jú kan, wọ́n á ní èyí ń fún mi, ẹ fún mi ní èyí tó tóbi díẹ̀, ẹni tó ń tà á á sì fún wọn torí kó lè tà á ni tiẹ̀. Tó bá jẹ́ tuntun, ó gbọ́dọ̀ fún yín. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín gbọ́dọ̀ yọ síwájú bíi ti ọmọ tó kó omi sẹ́nu, tẹ́ ẹ bá ń jẹ nǹkan lẹ́nu ẹ ó máa gé ẹ̀rẹ̀kẹ́ jẹ. Fóòmù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn á rọ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń lò ó, nítorí náà èyí tó bá rọ̀ yín lọ́rùn lọ́jọ́ tẹ́ ẹ rà á, tó bá fi máa di oṣù mẹ́ta á ti máa yí lórí yín bí igbá.

Bí ẹ ṣe máa dán an wò rèé. Ẹ fi téèpù wọn orí yín lókè ìpéǹpéjú díẹ̀, kí ẹ mọ iye sẹ̀ǹtímítà tó jẹ́. Ẹ dé e, ẹ so okùn ẹ̀ le. Ẹ di ibi àgbọ̀n ẹ̀ mú kí ẹ yí i sọ́tùn-ún sósì: awọ ojú yín gbọ́dọ̀ bá a lọ, tí hẹ́límẹ́ẹ̀tì bá ń yí tí ojú yín dúró, ẹ dá a padà. Lẹ́yìn náà kí ẹnìkan dúró sẹ́yìn yín, kó ki ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀ níbi ìpàkọ́, kó fà á sókè síwájú bí ẹni fẹ́ ṣí i. Tó bá ṣí, kì í ṣe tiyín. Tó bá kọjá gbogbo ẹ̀, ẹ dé e sórí fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ tó sanwó o. Tí ibì kan bá ń gún yín níwájú orí, tó pọ́n lẹ́yìn tẹ́ ẹ bọ́ ọ, kì í ṣe pé ó kéré, ìrísí orí yín ló yàtọ̀, torí orí àwọn kan rí róbótó, ti àwọn mìíràn gùn láti iwájú dé ìpàkọ́. Irú ilé iṣẹ́ mìíràn lẹ máa dán wò, kì í ṣe nọ́ńbà tó tóbi sí i.

Ẹgbẹ́ mi kan tá a jọ ń rìn nígbà kan, iwájú mi ló wà, ibi tí òkúta wẹ́wẹ́ ti bo títì ni táyà iwájú ẹ̀ ti yọ̀. Kò sáré. Mo fojú ara mi rí i tí hẹ́límẹ́ẹ̀tì ẹ̀ kúrò lórí ẹ̀ kí orí ẹ̀ tó kan ilẹ̀, ó so okùn ẹ̀ o, hẹ́límẹ́ẹ̀tì ọ̀hún ń yí lọ níwájú ẹ̀ títí tó fi já sínú kòtò. Ó gbowó lórí gan-an, hẹ́límẹ́ẹ̀tì yẹn. Ọlọ́run yọ ọ́, àmọ́ ọjọ́ méjì gbáko ni kò fi dá orúkọ mi mọ̀. Títí dòní tí mo bá rí okùn tó dẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n ẹnìkan, àyà mi á já.

Ẹ wo àmì tó wà lára ẹ̀ pẹ̀lú. Tó bá jẹ́ ECE, ìyẹn ìlànà ààbò tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù, ẹ máa rí lẹ́tà E nínú òbírí pẹ̀lú nọ́ńbà ìlú tó fọwọ́ sí i, E1 jẹ́ Jámánì, E2 jẹ́ Faransé, E3 jẹ́ Ítálì. Nọ́ńbà gígùn tó wà lábẹ́ ẹ̀, tó bá fi 06 bẹ̀rẹ̀, ìlànà tuntun 22.06 nìyẹn, inú ẹ̀ ni wọ́n ti fi kún un pé kí wọ́n máa wò ó tí ìkọlù bá gba ẹ̀gbẹ́ wá tó sì fẹ́ yí orí po, kì í ṣe èyí tó wá tààrà nìkan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn èyí tí wọ́n ń ṣí iwájú ẹ̀ sókè, ẹ wá lẹ́tà P/J. P ló sọ pé àgbọ̀n ẹ̀ ń dáàbò bo èèyàn tẹ́ ẹ bá pa á dé, J ló sọ pé ẹ lè ṣí i gun máṣíìnì. Tí ẹ bá rí NP, àgbọ̀n yẹn ò ní gba ohunkóhun sílẹ̀. DOT, àmì ààbò ti Amẹ́ríkà, ní tiẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ṣe é fúnra ẹ̀ ló ń fọwọ́ sọ̀yà pé ó dáa, ìjọba kàn ń ra díẹ̀ lára ẹ̀ lọ yẹ̀ wò ni, àmì gidi sì gbọ́dọ̀ ní FMVSS No. 218, ìyẹn nọ́ńbà òfin hẹ́límẹ́ẹ̀tì wọn, àti CERTIFIED. Sítíkà tí wọ́n kọ lẹ́tà mẹ́ta DOT yẹn nìkan sí, ẹnikẹ́ni ló lè tẹ̀ ẹ́.

Kí ẹ má ra àlòkù. Kí ẹ má lo èyí tó ti kan ilẹ̀ pẹ̀lú orí nínú ẹ̀. Fóòmù líle tó wà nínú ẹ̀ jọ èyí funfun tí wọ́n fi ń to tẹlifíṣọ̀n sínú páálí, ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń fọ́ láti gba ìkọlù, ìta ẹ̀ lè máa dán síbẹ̀ kí inú ẹ̀ ti fọ́ tán. Kí ẹ sì ra èyí tó bo àgbọ̀n. Tèmi tí mo fi ṣubú wà lórí ògiri yàrá mi, títì ha gbogbo àgbọ̀n ẹ̀, ó ha á débi pé ọ̀dà ẹ̀ ti ṣí, funfun ló kù. Ibi tó ha yẹn, ibi tí ẹnu àti imú mi wà nìyẹn.

Àwọn kan á ní àwọn kì í sáré. Harry Hurt àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní yunifásítì Southern California gbé ìwádìí jáde ní 1981 lórí jàǹbá máṣíìnì 900 tí wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn lọ wò ní Los Angeles. Ìdajì nínú àwọn tí wọ́n wò, eré wọn ò ju bíi kìlómítà 48 ní wákàtí kan lọ kí jàǹbá tó bẹ̀rẹ̀. Ìdá 92 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n dá ara wọn kọ́ tàbí ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ ló kọ́ wọn. Nítorí náà owó kejì tó yẹ kí ẹ ná lẹ́yìn hẹ́límẹ́ẹ̀tì, owó ẹ̀kọ́ ni, kí ẹnìkan tó mọṣẹ́ kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń tẹ búréèkì gidi.

Ẹ̀kẹta, jákẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ jákẹ́ẹ̀tì ló ní àpò lẹ́yìn, ohun tó sì wà níbẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ rà á, fóòmù rírọ̀ lásán ni, bíi ti ìrọ̀rí. Ẹ yọ ọ́ wò lónìí. Tẹ́ ẹ ò bá rí EN 1621-2 lára ẹ̀, ìyẹn àmì ìlànà Yúróòpù fún ohun tó ń dáàbò bo ẹ̀yìn, ẹ ra tòótọ́ fi rọ́pò ẹ̀, kí ẹ sì wá èyí tí wọ́n kọ 2 sí, torí agbára ìkọlù tó ń jẹ́ kó kọjá sí ẹ̀yìn èèyàn jẹ́ ìdajì ti 1: 9 kN (kilonewton, ohun tí wọ́n fi ń wọn agbára), ti 1 sì jẹ́ 18. Fún aṣọ fúnra ẹ̀, EN 17092 ni àmì ìlànà tiẹ̀, AAA ló le jù, AA tẹ̀ lé e, A tẹ̀ lé ìyẹn. Jíǹsì tẹ́ ẹ fi ń lọ ọjà ò sí nínú ẹ̀.

Ìbọ̀wọ́. Ọwọ́ lèèyàn kọ́kọ́ ń nà tó bá ń ṣubú, kò sẹ́ni tó lè dá a dúró. Lọ́jọ́ tí mo ṣubú yẹn, awọ àtẹ́lẹwọ́ ìbọ̀wọ́ mi ya láti ìdí àtàǹpàkò dé ọrùn ọwọ́, òwú inú ẹ̀ ló ń yọ. Mo bọ́ ọ, mo wo ọwọ́ mi, ó pọ́n díẹ̀, ìyẹn nìkan. Mo jókòó sẹ́bàá títì níbẹ̀, mò ń ṣí ọwọ́ mi, mò ń pa á dé.

Bàtà: tí kò bá bo kókósẹ̀, kì í ṣe bàtà máṣíìnì.

Ọ̀rọ̀ ẹrù wá kù. Ẹ wo ìwé máṣíìnì yín, iye kílò tí òun fúnra ẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ohun tó gbé ò gbọ́dọ̀ kọjá wà níbẹ̀, ẹ yọ ìwọ̀n máṣíìnì fúnra ẹ̀ kúrò. Ká ní ó kù 190. Ẹ̀yin pẹ̀lú hẹ́límẹ́ẹ̀tì, búùtù àti aṣọ, 95. Ìyàwó yín lẹ́yìn, 70. Àpótí alumíníọ̀mù mẹ́ta pẹ̀lú irin tí wọ́n fi so ó, nǹkan bí 20, òfìfo ni wọ́n ṣì wà o. Kílò márùn-ún péré ló ṣẹ́ kù fún gbogbo aṣọ, irinṣẹ́ àti omi èèyàn méjì! Ẹni tó bá wá kó ogójì kílò sí i, tó kó púpọ̀ ẹ̀ sókè lẹ́yìn, iwájú máṣíìnì á fúyẹ́, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í mì tó bá ti sáré díẹ̀, á sì ní máṣíìnì ò dáa. Báàgì aṣọ fúyẹ́ jù, tí ẹsẹ̀ bá sì há sábẹ́ ẹ̀, kì í fọ́ egungun bíi ti alumíníọ̀mù. Nǹkan wíwúwo, ìsàlẹ̀ ni kó wà, kó sún mọ́ àárín.

Àwọn kékeré tó kù, mi ò ní fa ọ̀rọ̀ wọn gùn.

Táyà: nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú àmì tó fi DOT bẹ̀rẹ̀ lára ẹ̀, ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é ni, 1419 jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọdún 2019, nítorí náà kí ẹnìkan má ta "tuntun" tó ti lo ọdún méje nínú ṣọ́ọ̀bù fún yín. Àárọ̀ kí ẹ tó gùn ún lẹ ó wọn afẹ́fẹ́ ẹ̀, tó bá ti gbóná, gééjì á parọ́.

Ṣéènì: ẹ fi ọ́ìlì sí i bó bá ti rin bíi kìlómítà 500 sí 1000, tí òjò bá pa á, lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ má fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́, ó ń ba rọ́bà kékeré tó di gíríìsì mú sínú ẹ̀ jẹ́.

Ariwo afẹ́fẹ́ nínú hẹ́límẹ́ẹ̀tì lè ba etí jẹ́, ẹ ra fóòmù tí wọ́n ń kì sétí, ó kéré, ó sì ń jẹ́ kí orí tutù títí dálẹ́.

Ẹ̀wù òjò tí wọ́n rán ààbò omi ẹ̀ sínú jákẹ́ẹ̀tì: omi ò ní kan yín lára lóòótọ́, àmọ́ aṣọ ìta á mu omi yó, á wúwo, òtútù á sì mú yín wọ egungun. Èyí tí wọ́n ń wọ̀ sórí gbogbo ẹ̀ ló dáa. Ẹ sì wọ̀ ọ́ nígbà tí ẹ bá rí i pé ojú ọ̀run ti ṣú, kì í ṣe lẹ́yìn tí itan ti tutù.

Ọmọkùnrin yẹn padà wá lánàá. Ó ti tú àpótí ẹ̀yìn kúrò, iná méjì ló kù níwájú, ó gbé hẹ́límẹ́ẹ̀tì tuntun dání, àmì 06 wà lára ẹ̀, mo rí i. Ó dé e, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ nípàkọ́, mo fà á títí, kò ṣí. Ó ní "ẹ̀gbọ́n, ó ń fún mi lẹ́rẹ̀kẹ́ o." Mo ní kó jókòó síbẹ̀, kó má tíì bọ́ ọ, mo sì wo aago.