Bí a ṣe ń yẹ ilé etí òkun wò kí a tó san owó gọbọi lé e lórí

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Òṣogbo ló ń kó owó jọ láti ra ilé sí Lekki, Ajah tàbí Ìbẹ̀jú-Lekki ní Èkó, yálà kí àwọn ọmọ wọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lè rí ibi gbé, tàbí kí wọ́n lè máa gba owó ilé lọ́wọ́ ayálégbé. Èrò yìí kò burú. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé iye tí wọ́n ń pe púpọ̀ nínú àwọn ilé wọ̀nyí ju ohun tí ilé náà tó lọ, omi sì tún ń wọ inú wọn nígbà òjò. Ẹni tó bá ra irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ọ̀wọ́n yóò ṣòro fún un láti rí ẹni tí yóò san iye kan náà lọ́jọ́ tó bá fẹ́ tà á.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú omi tí à ń sọ. Àwa tí odò Ọ̀ṣun ń ṣàn gba ìlú wa mọ̀ pé bí odò bá kún lẹ́yìn òjò ńlá, tí òjò sì dá, omi náà yóò wá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ti Lekki yàtọ̀. Àárín òkun àti ọ̀sà ni ilẹ̀ ibẹ̀ wà, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó rẹlẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ ilẹ̀ ìrà tí wọ́n da yanrìn sí kó tó di ibi ìkọ́lé. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni òkun ń ru sókè. Nígbà tó bá ru, ọ̀sà náà yóò ga, gọ́tà tó yẹ kó gbé àgbàrá lọ kò sì ní rí ibi tú u sí. Bí òjò ńlá bá bọ́ sí àkókò yẹn, inú ilé ni omi ń gbà. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní oṣù Keje ọdún 2017, nígbà tí omi bo òpópónà púpọ̀ ní Lekki àti Victoria Island.

Nítorí náà, ẹ má ṣe gbára lé ohun tí ẹ rí nígbà ẹ̀rùn, tí gbogbo àdúgbò gbẹ táútáú. Ẹ lọ ní oṣù Kẹfà tàbí Keje, tàbí ní oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá, ní ọjọ́ kejì òjò ńlá, kí ajẹ́ńtì má sì bá yín lọ. Ẹ wo ara ògiri dáadáa. Bí ọ̀dà tuntun bá dúró ní ìsàlẹ̀ ògiri nìkan, ẹ wádìí ohun tó fi bò mọ́lẹ̀. Ẹ wo bóyá wọ́n gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì iná ga ju bó ṣe yẹ lọ, bóyá wọ́n mọ sìmẹ́ńtì dí ẹnu ọ̀nà bí ìdènà, tàbí bóyá ìpẹta ti jẹ ìsàlẹ̀ géètì. Ẹ wo títì pẹ̀lú: ní àdúgbò tí wọ́n ti ń bu yẹ̀pẹ̀ kún ojú ọ̀nà lọ́dọọdún, ilé àtijọ́ a máa di kòtò tí àgbàrá ń ṣàn sí.

Lẹ́yìn náà, ẹ bá ọlọ́dẹ ilé kejì àti ìyá tó ń ta oúnjẹ ní ìkóríta sọ̀rọ̀. Ẹ má bi wọ́n pé ṣé omi máa ń wọlé, nítorí wọ́n lè sọ pé rárá kí wọ́n má baà ba ọjà ẹni ẹlẹ́ni jẹ́. Ẹ bi wọ́n pé ọjọ́ mélòó ni omi lò lọ́dún tó kọjá kó tó fà. Èsì ìbéèrè yìí ni mo gbẹ́kẹ̀ lé ju gbogbo àlàyé ajẹ́ńtì lọ.

Ní ti iye owó, ẹ má fi iye tí wọ́n ń pe ilé tó kù ládùúgbò díwọ̀n. Iye tí wọ́n rí gbà ní tòótọ́ ni kí ẹ wádìí. Bí wọ́n bá pe ilé kan ní mílíọ̀nù 120 náírà, tí ayálégbé sì ń san mílíọ̀nù 4 lọ́dún, ọdún 30 ni owó náà yóò gbà kó tó padà, láìtíì yọ ti ọ̀dà, ilẹ̀kùn tó wú, ẹ̀rọ tí ń fa omi, àti oṣù tí ilé yóò ṣófo nítorí pé ayálégbé sá fún omi. Ẹ ṣírò gbogbo ìwọ̀nyí, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò nínú iye tí ẹ máa dá. Bí ẹ bá fẹ́ gba ìnṣọ́ránsì, ẹ rí i pé wọ́n kọ omíyalé sínú ìwé náà, kí ó má jẹ́ ti iná nìkan.

Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí abẹ́ àkóso gómìnà, nítorí náà ẹ béèrè C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí tí gómìnà fi ń fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀, kí ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó bá ra ilẹ̀ tàbí ilé lọ́wọ́ ẹni tó ni ín nílò ìfọwọ́sí gómìnà. Ìwé tó péye kò lè dá omi dúró, ṣùgbọ́n ó lè gba ilé lọ́wọ́ katakata. Ẹ jẹ́ kí sọ́fẹ́yọ̀ tí ẹ fúnra yín yàn bá yín yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ilé náà wà lójú ọ̀nà omi, nítorí ní ọdún 2023 àti 2024 ìjọba Èkó wó àwọn ilé tí wọ́n kọ́ sí ojú ọ̀nà omi ní agbègbè Ìkọ̀tà ní Lekki. Bí ilé bá sún mọ́ òkun gan-an, ẹ rántí Òkun Alfa, abúlé kan létí òkun ní agbègbè Lekki, níbi tí òkun ti jẹ ilẹ̀ àti ilé àwọn ará ibẹ̀ lọ.

Bí ẹni tó ń tà bá ní kí ẹ san kíákíá nítorí pé ẹlòmíràn ti gbé owó dání, tí kò sì gbà kí ẹ dúró de àsìkò òjò, ẹ jẹ́ kó tà á fún ẹni náà.