Ẹ̀kán ọ̀rá inú sẹ́ẹ̀lì: àwọn àṣìṣe tó yẹ ká yàgò fún

Ọ̀pọ̀ àṣìṣe táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe nípa prótíìnì orí ẹ̀kán ọ̀rá (lipid droplet, ìyẹn ọ̀rá roboto tí sẹ́ẹ̀lì fi pa mọ́ sínú), orísun kan náà ni wọ́n ti ń ṣàn wá: wọ́n kà á sí pé awọ tó bo ẹ̀kán ọ̀rá kò yàtọ̀ sí awọ yòókù nínú sẹ́ẹ̀lì. Ó yàtọ̀ pátápátá. Awọ sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ní ìpele phospholipid (ọ̀rá tí orí rẹ̀ fẹ́ràn omi, tí ìrù rẹ̀ ń sá fún un) méjì, omi sì wà lápá méjèèjì. Ìpele kan ṣoṣo ni ti ẹ̀kán ọ̀rá, ọ̀rá gidi ló sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má ya prótíìnì bíi pé ó la ẹ̀kán ọ̀rá já, tí orí rẹ̀ yọ níta, tí ìdí rẹ̀ rì sínú. Mo ń rí àwòrán yìí léraléra, ó sì ń dùn mí, torí apá tó fẹ́ràn omi kò lè gbé inú ọ̀rá. Prótíìnì bíi GPAT4 (ensáìmù tó ń kópa nínú ṣíṣe ọ̀rá), tó ti ER (endoplasmic reticulum, awọ inú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti ń ṣe prótíìnì àti ọ̀rá) wá, á ki ara bọ̀ ọ́ díẹ̀, á sì ṣẹ́rí padà síbi tó gbà wọlé. Orí àti ìdí rẹ̀ jọ wà níta ni.

Ẹ má sì sọ pé ọ̀nà kan ni gbogbo wọn ń gbà débẹ̀. Perilipin (prótíìnì tó ń bo ojú ẹ̀kán ọ̀rá) àti CCTα kì í sábà gba ER kọjá. Inú omi sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ti ń wá. Wọ́n ní apá kan tó lọ́ wínniwínni, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan fẹ́ràn omi, tí ìkejì ń sá fún un. Bí ẹ̀kán ọ̀rá bá ń wú, phospholipid kì í tó o bò, àlàfo á wà, ẹ̀gbẹ́ tó ń sá fómi á sì rọra wọ inú àlàfo náà. Ẹ wá wo iṣẹ́ CCTα: ensáìmù tó ń darí ṣíṣe phosphatidylcholine, tó jẹ́ irú phospholipid kan, ni. Ibi tí phospholipid ti ṣaláìtó gan-an ló ń bà sí, ìbàsí yẹn ló sì ń jí iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tó wù mí jù lọ nínú ẹ̀kọ́ yìí nìyẹn.

Ẹ má pè é ní ọ̀rọ̀ láàbù lásán. Prótíìnì kan tó ń jẹ́ seipin ló ń ṣọ́ oríta tí ER àti ẹ̀kán ọ̀rá ti pàdé. Bí jíìnì rẹ̀ bá bàjẹ́, wọ́n á bí ọmọ tí ara rẹ̀ kò ní ọ̀rá tó yẹ. Dókítà Berardinelli ṣàlàyé àìsàn náà ní Brazil ní 1954, Dókítà Seip sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní Norway ní 1959.

Ibi tí wàhálà pọ̀ sí jù ni ọ̀rọ̀ ìkúrò. Bí prótíìnì kò bá sí lórí ẹ̀kán ọ̀rá mọ́, ẹ má yára kọ ọ́ pé sẹ́ẹ̀lì ti jẹ ẹ́ run. Bí ẹ̀kán bá ń sún kì, ojú rẹ̀ á dín. Ó dà bí bẹ́ńṣì tó ń kúrú lábẹ́ àwọn tó jókòó, ẹni tí ìdí rẹ̀ kò rinlẹ̀ ló kọ́kọ́ ń já bọ́. Perilipin 2 tí kò ríbi bà sí ni ubiquitin (prótíìnì kékeré tó jẹ́ àmì pé kí wọ́n run nǹkan) máa ń lẹ̀ mọ́, kí proteasome (ẹ̀rọ tó ń rún prótíìnì nínú sẹ́ẹ̀lì) tó rún un. Àmọ́ lásìkò ebi, Hsc70, prótíìnì olùrànlọ́wọ́ kan, lè mú un látorí ẹ̀kán náà lọ sínú lysosome (àpò tí sẹ́ẹ̀lì ti ń da nǹkan), kí ensáìmù ATGL lè rí àyè tú ọ̀rá. Kí ẹ tó dájọ́, ẹ fi oògùn MG132 dí proteasome. Bí prótíìnì bá padà pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n tí kò sí lórí ẹ̀kán, ó ṣeé ṣe kó ti já bọ́ kó tó di pé wọ́n rún un. Ìkúrò tó kọ̀ láti wáyé náà léwu: prótíìnì PNPLA3 tó ní ìyípadà I148M (amino acid kan ṣoṣo ló yí padà nínú rẹ̀) ń sá mọ́ ubiquitin lọ́wọ́, ó ń kóra jọ sórí ẹ̀kán, ẹ̀dọ̀ á sì máa kún fún ọ̀rá.

Ní ti máíkírósíkóòpù, ẹ má fi methanol mú sẹ́ẹ̀lì dúró (ìyẹn fixation). Ó ń tú ẹ̀kán ọ̀rá ká. Formaldehyde ni kí ẹ lò. Ọṣẹ líle bíi Triton X-100 náà ń ba ojú ẹ̀kán jẹ́, saponin tàbí digitonin ló dára láti fi dá awọ sẹ́ẹ̀lì lu. Ẹ má sì fi BODIPY 493/503 (àwọ̀ tí wọ́n fi ń kun ọ̀rá) kun sẹ́ẹ̀lì tó ní GFP (prótíìnì tó ń tàn, tí wọ́n ń so mọ́ prótíìnì tí wọ́n fẹ́ wò), torí àwọ̀ ewé ni àwọn méjèèjì, ẹ kò ní mọ èwo ni prótíìnì, èwo ni ọ̀rá.