Ẹ Yé Fi Owó Ṣòfò Lórí Ìdánwò Àfiyèsí Inú VR

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀rọ VR (èyí tí wọ́n ń dè sójú, tó ń fi ayé inú kọ̀ǹpútà hàn bíi pé èèyàn wà nínú rẹ̀) láti fi dán àfiyèsí ọmọ wò kì í pè mí àfi ìgbà tí wọ́n bá ti kó èsì jọ tán. Òrùlé á wó tán kí wọ́n tó wá káfíńtà. Ẹ ka èyí kí ẹ tó náwó.

1. Ẹ má fi Bluetooth gbé ohùn ìdánwò. Ó lè fi ohùn falẹ̀ ju 100 mílísẹ́kọ́ǹdù lọ (ẹgbẹ̀rún mílísẹ́kọ́ǹdù ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan). Ẹ̀rọ ìgbóhùn olókùn ni kí ẹ rà.

2. Pé kíláàsì inú VR jọ kíláàsì gidi kò sọ pé ohun tí ẹ fẹ́ wọ̀n ló ń wọ̀n.

3. Èyí ló ń bí mi nínú jù. Ẹ wo irú kíláàsì inú VR tí Albert Rizzo, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Kalifọ́níà: lẹ́tà ń jáde lójú pátákó, ọmọ á tẹ bọ́tìnnì bí X bá tẹ̀lé A. Lójijì, ọkọ̀ á kọjá lójú fèrèsé. Bí ọmọ bá pẹ́ kó tó tẹ̀ ẹ́, wọ́n á ní ọkàn rẹ̀ ti tẹ̀lé ọkọ̀ lọ. Ṣé ọkọ̀ yẹn ò wúwo fún ẹ̀rọ láti yà ni? Ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán 90 jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan ní nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ǹdù 11 péré fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá yà á tán, lẹ́tà á pẹ́ jáde. Ìdádúró tí kì í yí padà, ẹ lè yọ ọ́ kúrò. Èyí tó jẹ́ pé ìgbà tí ọkọ̀ bá dé nìkan ló ń dé ló ń ba èsì jẹ́.

Yunifásítì kan pè mí wá gbóríyìn fún irú èsì bẹ́ẹ̀. Mo ní kí wọ́n ṣí àkọsílẹ̀ àkókò àwòrán, wọn ò ní. A lẹ ohun kékeré tó ń mọ ìmọ́lẹ̀ mọ́ dígí ẹ̀rọ, a gbé ìdánwò náà ṣe láìsí ọmọ kankan. Ọkọ̀ kọjá, lẹ́tà pẹ́. Ẹ̀rọ ni àfiyèsí rẹ̀ ò pé! Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń pè mí ní Bàbá Mílísẹ́kọ́ǹdù. Ó tọ́ sí mi.

Nọ́ńbà ti já mọ́ mi lọ́wọ́. Òṣùwọ̀n AULA, ìdánwò àfiyèsí kan tí wọ́n ń ṣe nínú kíláàsì VR, àwọn ọmọ Sípéènì ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ má fi dájọ́ ọmọ Ìbàdàn.

VR lè mú kí òòyì kọ́ ọmọ: ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ṣáájú ìdánwò àti lẹ́yìn rẹ̀.

Irun ńkọ́? Ṣùkú kì í jẹ́ kí ìdè ẹ̀rọ jókòó dáadáa, àwòrán á sì máa ṣe bàìbàì. Ẹ tètè sọ fún ìyá ọmọ kó tó ná owó onídìrí.