Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jọra létí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń múra WAEC àti JAMB. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn máa há àwọn ọ̀rọ̀ tó dún bákan náà sórí. Kí wọ́n fi ìkọ̀ọ̀kan sínú gbólóhùn. Principal ni ọ̀gá ilé-ìwé, principle ni ìlànà. Brake ni ti mọ́tò, break ni kí nǹkan fọ́. Stationery ni ìwé àti bírò, stationary ni ohun tó dúró sójú kan; e tó bẹ̀rẹ̀ envelope ni kí wọ́n fi rántí ti ìwé.

Àmọ́ kì í ṣe ibẹ̀ gan-an ni wàhálà àwa ọmọ Yorùbá wà. Ship àti sheep, live àti leave, full àti fool ò dún bákan náà lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì rárá, ẹnu tiwa ni wọ́n ti di ọ̀kan. Tí a bá yọ àránmúpè (bíi in àti un) kúrò, i kan àti u kan la ní; méjì-méjì ni tiwọn. Oral English sì nìyẹn, ibi tí máàkì ti ń bọ́ lọ́wọ́ ọmọ tó mọ̀wé dáadáa.

Ẹ ṣí díkíṣọ́nárì orí fóònù, ẹ wá ship tàbí sheep, ẹ tẹ àmì tó ń pe ọ̀rọ̀ jáde, kí ọmọ má wo ojú fóònù, kó kọ èyí tó gbọ́ sílẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́ ti tó. Ẹ ṣì fi tin àti thin sílẹ̀ ná, ìyẹn le jù.